Ọlọ́run ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ṣì ń ru ẹ̀bi mi

Àlàkẹ́_Aláṣọ:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Ní 2013, èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní ọjà tí mo ti ń ta aṣọ. Owó ṣọ́ọ̀bù mi pé, onílé ń yọ mí lẹ́nu, ni mo bá mú ₦240,000 nínú owó ẹgbẹ́, mo ní tí ọjà ọdún bá ti tà màá dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọjà ò tà. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wá yẹ ìwé wò lójijì, owó ò pé, ojú gbogbo wọn sì lọ sára ọmọbìnrin tó ń bá wa kọ ìwé owó torí òun ló máa ń gbé owó lọ sí bánkì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà yẹn. Mi ò fẹnu mi pè é lólè o, mo kàn dákẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yẹn ló ṣe é léṣe. Wọ́n pariwo olè lé e lórí níwájú gbogbo ọjà, wọ́n gba fóònù ẹ̀, kò pé oṣù kan tó fi ìlú sílẹ̀.

2019 ni mo fi ayé mi fún Jésù. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún pásítọ̀ wa, wọ́n ní ó ti bọ́ sábẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí n má lọ hú òkú tí Ọlọ́run ti sin. Mo gbà, inú mi dùn. Àmọ́ ìyá ọmọ yẹn ṣì ń ta ẹ̀kọ nínú ọjà wa, àràárọ̀ ló ń kí mi, á tún bi mí pé àwọn ọmọ ńkọ́. Tó bá wá di Sunday tí a fẹ́ jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ọwọ́ mi a máa gbọ̀n débi pé mo ti da wáìnì sára rí. Ṣé oore-ọ̀fẹ́ ti parí ọ̀rọ̀ yìí ni àbí kò tíì parí? Ẹ má pọ́n mi lé o, ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Ayọ̀NínúKristi:
Ẹ kú ọkàn o mà. Ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mo jẹ́. Lójú tèmi pásítọ̀ yín sọ òótọ́. Kólósè 2:14 ní Jésù pa ìwé ẹ̀sùn tó lòdì sí wa rẹ́, ó mú un kúrò lójú ọ̀nà, ó kàn án mọ́ àgbélébùú. Ìwé tí wọ́n ti pa rẹ́, kí lẹ tún fẹ́ kà nínú ẹ̀? Róòmù 8:1 náà ní kò sí ẹ̀bi mọ́ fún àwọn tó wà nínú Kristi Jésù, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Inú ilé tí wọ́n ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo ní nóòtùbúùkù kan tí mo máa ń kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí kí n tó sùn, kí n má bàa gbàgbé ọ̀kan. Mo dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kan, mi ò bá ẹnì kankan nílé, mo rò pé Jésù ti dé tó ti kó wọn lọ tó fi èmi sílẹ̀, mo sunkún lórí ilẹ̀ títí màmá mi fi ti ọjà dé. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Ìgbà tí mo wá gbọ́ ìwàásù oore-ọ̀fẹ́ ni mo tó mọ̀ pé Ọlọ́run fẹ́ràn mi. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí tí ẹnikẹ́ni bá ní èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan kún ohun tí Jésù ti ṣe. Éfésù 2:8 mà, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni.

Bàbá_Kíláàsì:
Ọmọ mi Ayọ̀, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ, ó dùn mí, wọn ò ṣe ẹ́ dáadáa. Síbẹ̀ mi ò lè gbà pé kí arábìnrin yìí jókòó. Àwa ìjọ ìwà mímọ́, láti ìgbà tí Pásítọ̀ Kumuyi tó dá ìjọ Deeper Life sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Yunifásítì Èkó ní 1973 la ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ àtúnṣe, pé ohun tó o jí dá a padà, ohun tó o bàjẹ́ tún un ṣe. Ka Léfítíkù 6 kó o rí i: ẹni tó gba nǹkan ẹlẹ́nìkejì ẹ̀ yóò dá odindi ẹ̀ padà, yóò sì fi ìdá márùn-ún kún un, kó tó mú ẹbọ ẹ̀bi wá fún Olúwa. Sákéù agbowó òde tiẹ̀ ní òun á san án nílọ̀ọ́po mẹ́rin.

Èmi fúnra mi, 1988 mo ń tọ́jú ilé ẹrù ní ilé iṣẹ́ kan, mo ta táyà mẹ́rin níbẹ̀, mo ná owó ẹ̀. Olúwa gbà mí là ní 1991. Mo kó owó yẹn jọ, mo gbé e lọ fún ọ̀gá, orúnkún mi ń lu ara wọn. Ọ̀gá ka owó náà, ó kọ rìsíìtì fún mi, ó sì lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Oṣù méje ni mo fi wà nílé tí ìyàwó mi ń fi owó ẹ̀wà bọ́ wa. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lé mi yẹn ni mo kọ́kọ́ sùn wọra láàárín ọdún mẹ́ta. Torí náà arábìnrin, mo sọ ọ́ fún yín pẹ̀lú ìfẹ́, ẹni tí kò bá dá a padà kò tíì ronú pìwà dà, ẹni tí kò bá sì tíì ronú pìwà dà kò tíì rí ìdáríjì gbà.

Olùkọ́_Ìtàn:
Bàbá, ẹ̀rí yín wọ̀ mí lára gan-an, mo kí yín. Gbólóhùn yín tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún ka Lúùkù 19 bó ṣe tò tẹ̀ léra. Sákéù wà lórí igi síkámórè, kò tíì sọ nǹkan kan, kò tíì ṣèlérí kọ́bọ̀, Jésù ló gbójú sókè tó pe orúkọ ẹ̀ tó ní kó yára sọ̀ kalẹ̀ torí òun máa wọ̀ sí ilé ẹ̀ lónìí. Àwọn èèyàn kùn pé ó lọ wọ̀ sílé ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Sákéù tó dìde tó ń pín owó. Oore-ọ̀fẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé, owó ló tẹ̀ lé e jáde. Bí a bá yí i po tí a ní owó ló ṣílẹ̀kùn fún Jésù, a ti sọ ìgbàlà di nǹkan tí wọ́n ń tà. Bí a bá sì ní Jésù wọlé, ó jẹun, ó lọ, tí owó àwọn tálákà ṣì wà nínú àpótí Sákéù, èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjà àtijọ́ lèyí. Bíṣọ́ọ̀bù Augustine, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, tí wọ́n bí ní 354 ní Thagaste nílẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, òun àti olùkọ́ ẹ̀sìn kan tó ń jẹ́ Pelagius ló fà á. Pelagius rí i pé ìwà àwọn Kristẹni ti ń bàjẹ́, ó ní èèyàn lè fi ìfẹ́ inú ara ẹ̀ pa òfin Ọlọ́run mọ́ tó bá múra sí i. Ọkùnrin tó fẹ́ kí èèyàn wà ní mímọ́ ni, ká má parọ́ mọ́ ọn. Augustine ní rárá o, ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ti ba ìfẹ́ inú yẹn fúnra ẹ̀ jẹ́, àní kéèyàn tiẹ̀ fẹ́ ṣe rere, Ọlọ́run ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í sí i lọ́kàn. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage ní 418 gbè sẹ́yìn ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún Màmá Aláṣọ nìyí: ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n yẹn, ẹ rò pé àmì ni pé oore-ọ̀fẹ́ ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Èmi rò pé oore-ọ̀fẹ́ gan-an ló ń gbọ̀n ọ́n. Láti 2013 sí 2019, ṣé ó gbọ̀n?

Àlàkẹ́_Aláṣọ:
Kò gbọ̀n. Mo ń sùn dáadáa. Mo tiẹ̀ ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ màmá yẹn jẹ.

Ayọ̀NínúKristi:
Olùkọ́, mo gbà pé oore-ọ̀fẹ́ ló ṣáájú, ìyẹn lohun tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n olè orí àgbélébùú ńkọ́? Kò dá nǹkan kan padà. Jésù ní lónìí ni wàá wà pẹ̀lú mi ní Párádísè. Dáfídì náà nínú Sáàmù 51, ó ní Ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀ sí. Tí ẹ̀ṣẹ̀ bá jẹ́ sí Ọlọ́run nìkan, tí Ọlọ́run sì ti ní ó tán, ta ló tún kù?

Ọmọ_Ọ̀yọ́:
Bùrọ̀dá Ayọ̀, ẹ gbọ́ o. Ọwọ́ olè yẹn wà lórí igi, wọ́n ti kàn án mọ́ ọn, owó wo ni kó fi dá a padà? Uráyà tí Dáfídì gba ìyàwó ẹ̀ tó sì pa náà ti wà nínú ilẹ̀, kò sí bó ṣe máa bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọmọ tí à ń sọ yìí wà láàyè, ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀kọ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ sì wo èdè wa. Oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi pè é nínú Bíbélì wa tó jáde lódindi ní 1884, oore tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sí ẹni tó lè fi owó lé e, níbẹ̀ yẹn ẹ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀, inú ṣẹ̀ ló ti wá, Yorùbá kì í sì í ṣẹ̀ kó dúró lásán, ẹnì kan lèèyàn máa ń ṣẹ̀. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó ṣẹ̀ mí. Tọ́mọdé bá wálé tó ń sunkún pé òun ti ṣẹ̀, ohun tí ìyá ẹ̀ á kọ́kọ́ bi í ni pé ta lo ṣẹ̀? Màmá Aláṣọ ti dá Ọlọ́run lóhùn. Ẹnì kejì wà níbẹ̀ tí a ò tíì dá lóhùn.

Nọ́ọ̀sì_Àná:
Mi ò kì í kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà. Èmi ni ọmọ yẹn. Kì í ṣe òun gan-an o, ṣùgbọ́n mo ti wà níbi tó wà. Nílé ìwòsàn àdáni kan tí mo ti ṣiṣẹ́, owó sọnù nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n ní èmi ni. Wọ́n tú báàgì mi síta lójú àwọn aláìsàn, páàdì mi, bíbélì mi, gbogbo ẹ̀ wà nílẹ̀. Màmá mi kú ní ọdún kejì, ó kú láìmọ̀ dájú bóyá ọmọ òun jalè, kò bi mí rí, mo kàn ń rí i lójú ẹ̀ ni.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ẹni tó mú owó yẹn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní Ọlọ́run ti dárí ji òun, àlàáfíà ti dé ọkàn òun, kí èmi náà jọ̀ọ́ tú òun sílẹ̀. Mo ka á, inú bí mi ju ọjọ́ tí wọ́n tú báàgì mi lọ. Torí ọjọ́ tí wọ́n pè mí lólè, àwa tó wà níbẹ̀ tó ogójì. Ọjọ́ tí wọ́n sọ pé mi kì í ṣe olè, èmi nìkan ló gbọ́ ọ, lórí fóònù, mo wà nínú bọ́ọ̀sì. Àlàáfíà tirẹ̀ pé, orúkọ tèmi ò kúrò níbi tó wà.

Mo ti dárí jì í báyìí, Ọlọ́run ló ràn mí lọ́wọ́, ó gbà mí tó ọdún méjì. Mà, mi ò kọ èyí láti bú yín. Mò ń bẹ̀ yín ni. Ẹ má fi tiransífà ránṣẹ́ sí i kẹ́ ẹ ní ó ti tán. Ibi tí orúkọ ẹ̀ ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe, níwájú àwọn tó wà níbẹ̀.

Ayọ̀NínúKristi:
Mo ti ka ohun tí ẹ kọ yìí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ro ó.

Olùkọ́_Ìtàn:
Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì rán mi létí ẹnì kan. John Newton, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1725. Ní March 1748 ìjì fẹ́ ri ọkọ̀ ojú omi tó wà nínú ẹ̀, ó ké pe Ọlọ́run, títí tó fi kú ló ń ka ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ tí Olúwa yọ òun. Ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn: láti 1750 sí 1754 òun ni kápútéènì ọkọ̀ ẹrú, ó ń kó èèyàn dúdú pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ láti etí òkun Áfíríkà, ó ń ka Bíbélì lókè, wọ́n ń kérora nísàlẹ̀. Àìsàn ló jẹ́ kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn. Ó di àlùfáà ní 1764, ó kọ orin Amazing Grace tí gbogbo ayé ń kọ fún ìsìn ọdún tuntun 1773, títí di ìgbà yẹn kò tíì sọ̀rọ̀ tako òwò ẹrú ní gbangba.

1788 ló tó tẹ ìwé kékeré kan jáde. Ogójì ọdún lẹ́yìn ìjì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rí ọkàn mú òun láti gba ìtìjú ara òun nípa ìjẹ́wọ́ ní gbangba, ó sì ní bó ti wù kí ìjẹ́wọ́ náà ti ọkàn wá tó, ó ti pẹ́ jù láti tún ìyà tóun lọ́wọ́ sí ṣe. Ó jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin nípa ohun tójú ẹ̀ rí nínú ọkọ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tó fi òpin sí òwò náà jáde ní 1807, òun náà kú ní ìparí ọdún yẹn.

Mi ò sọ pé kò rí oore-ọ̀fẹ́ ní 1748. Mo gbà pé ó rí i. Ohun tó ń dun mí ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, tí wọn ò mọ̀ pé ẹni tó wà lókè ti di ẹni ìgbàlà. Èèyàn wa lọ lọ́nà òkun yẹn náà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá Aláṣọ, ẹ ò tíì pẹ́ jù. Ìyẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Agnes_Mímọ́:
Kátólíìkì ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un ní ṣókí. Ìwé Katikísìmù ìjọ wa tó jáde ní 1992, ní nọ́ńbà 1459, ó sọ pé ìdáríjì máa ń mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò ṣùgbọ́n kì í tún gbogbo ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ṣe, pé kéèyàn sa ipá ẹ̀, ó sì dárúkọ méjì tó jẹ́ tiyín gan-an mà: kéèyàn dá ohun tó jí padà, kó sì dá orúkọ rere padà fún ẹni tó bà lórúkọ jẹ́. Fàdá tó gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi nígbà kan ò jẹ́ kí n dìde títí mo fi sọ ọjọ́ tí màá lọ rí ẹni tí mo ṣẹ̀.

Nípa owó yẹn o, ₦240,000 ti 2013 kì í ṣe ₦240,000 ti òní. Dọ́là kan ò ju nǹkan bíi ₦160 lọ nígbà yẹn. Bí ẹ bá fi ìdá márùn-ún tí Bàbá sọ kún un, ₦288,000 ni, owó yẹn ò ní ra ìdajì ohun tó rà fún yín nígbà náà. Ti Sákéù ló sún mọ́ òtítọ́ jù.

Bàbá_Kíláàsì:
Mo ti tún ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ kà. Olùkọ́ tọ̀nà. Mo fẹ́ sọ ọ́ níwájú gbogbo yín: mo ti fi ẹ̀kọ́ àtúnṣe dẹ́rù ba àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó lé ní ogún ọdún, bí ẹni pé Ọlọ́run dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń retí rìsíìtì. Kì í ṣe bó ṣe rí fún èmi gan-an nìyẹn. Ọjọ́ tí mo gbé owó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kì í ṣe ẹ̀rù iná ló gbé mi lọ. Mo ti mọ̀ pé tèmi ti dára pẹ̀lú Ọlọ́run, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè rìn. Ká ní n kò mọ̀ ni, mi ò bá ti sá. Títù 2:11 sí 12 ló ní oore-ọ̀fẹ́ fúnra ẹ̀ ló ń kọ́ wa ká sẹ́ àìwà-bí-Ọlọ́run. Mo máa ń kà á sáré kọjá.

Arábìnrin, ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ mú àgbà méjì dání. Ẹ kọ́kọ́ rí ìyá àti ọmọ náà kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹgbẹ́, kí wọ́n má gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Ẹ sì múra sílẹ̀ o, wọ́n lè bú yín, wọ́n lè yọ yín lẹ́gbẹ́, wọ́n tiẹ̀ lè pe ọlọ́pàá.

Àlàkẹ́_Aláṣọ:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ti lọ.

Mo ta aṣọ òkè tí mo kó pamọ́ fún ìgbéyàwó ọmọ mi, mo sọ fún ọmọ náà ìdí tí mo fi tà á, òun náà sunkún. Mo mú ìyàwó pásítọ̀ àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dání lọ bá màmá ẹlẹ́kọ nílé. Mo kúnlẹ̀. Mo ti ro gbogbo ohun tí màá sọ, kò sí èyí tó jáde nínú ẹ̀, mo kàn ní "èmi ni mo mú owó yẹn." Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, a jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò jáde. Fún ọjọ́ mẹ́ta wọn ò wá sọ́jà.

Ọjọ́ kẹrin ni ọmọ náà pè mí, ní nǹkan bíi aago mẹ́wàá alẹ́. Ó ti lọ́mọ méjì, ó ń ránṣọ. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní òun ò tíì lè sọ pé òun ti dárí jì mí, kí n má fi ìyẹn ni òun lára. Mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní owó yẹn kí n fún ìyá òun. Ó wá ní ọjọ́ wo ni ìpàdé ẹgbẹ́, mo ní Ọjọ́bọ̀, ó ní òun ń bọ̀, pé òun fẹ́ dúró síbẹ̀ nígbà tí n bá ń sọ ọ́, kí wọ́n rí ojú òun. Ọ̀la ni. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbọ̀n lónìí. Ẹ bá mi gbàdúrà.

Nọ́ọ̀sì_Àná:
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun.

Ayọ̀NínúKristi:
Mà, ìlú wo lẹ wà? Ìbàdàn lèmi wà. Tí kò bá jìnnà, mo lè gba àyè níbi iṣẹ́, kí n wá dúró sẹ́yìn yín níbẹ̀.